Tíṣù wo ni dókítà ń wí? Àlàyé lórí ohun tó bo ara wa àti ohun tó so ó pọ̀

Nígbà tí kókó kan yọ sí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbejì, àwọn ọmọ wọn gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà fi ìka ti kókó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní òun máa yọ ọ́, òun á sì fi tíṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù. Bí wọ́n ṣe jáde lọ́dọ̀ dókítà, àbíkẹ́yìn wọn sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì, ó ra rólù tíṣù méjì wá, ó kó o lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì gbà á, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé èsì jáde. "Lipoma" ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ kan náà ló lọ gbà á. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó parí báyẹn rí nígbà tí jẹjẹrẹ ń bá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, nítorí náà kò dúró béèrè ohunkóhun. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó sì dùn mí wọra pé nínú ìdílé tèmi gan-an, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò yé èèyàn lè fa irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Irú tíṣù méjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé: èyí tó bo ara àti èyí tó so ara pọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn á mọ ìdí tí ojú egbò kan fi ń parẹ́ tí òmíràn ń di àpá, á mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ pọ̀nmọ́, á sì lè ka ìwé èsì láàbù láì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò léwu kó jìnnìjìnnì bá a.

## Kí ni tíṣù gan-an?

Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àwọn èèyàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, á tètè dá a mọ̀, torí "tissu" ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n bá lọ ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ Faransé. Ohun tí a hun ló túmọ̀ sí. Bébà tí a fi ń nujú ń jẹ́ orúkọ yìí torí pé ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ẹran ara ń jẹ́ ẹ torí pé dókítà ará Faransé kan, Xavier Bichat, wo inú ara ní nǹkan bí ọdún 1800, ó rí i pé bí aṣọ ló ṣe rí. Kò lo máíkírósíkópù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọwọ́ àti ojú ló fi ṣiṣẹ́. Ó ń la òkú, ó ń se ẹran ara, ó ń sá a gbẹ, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ásíìdì títí ìpele kan á fi ṣí kúrò lára èkejì. Oríṣi 21 ló kà kó tó kú lọ́dún 1802, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré.

Ohun tó rí ni pé ọkàn, ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró kò jọra, síbẹ̀ aṣọ kan náà wà lára gbogbo wọn. Bí èèyàn bá ra ìgàn aṣọ òkè kan, ó lè rán agbádá nínú rẹ̀, kó rán fìlà, kó sì fún ìyàwó rẹ̀ ní èyí tó kù kó fi wé gèlè. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, aṣọ ò yàtọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni fọ́nrán òwú. Òun ni ohun alààyè tó kéré jù lọ lára wa. Bí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó jọra bá para pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ́n di tíṣù, ìyẹn aṣọ. Bí a bá wá rán oríṣi aṣọ mélòó kan pọ̀, ó di ẹ̀yà ara bí ọkàn tàbí kíndìnrín, ìyẹn ẹ̀wù. Lónìí, oríṣi mẹ́rin gbòógì ni àwọn onímọ̀ ń kà: tíṣù ìbora, tíṣù ìsopọ̀, ẹran tó ń sún kì tó sì ń nà, àti iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ gbé e bọ̀ láàárín ara àti ọpọlọ. Méjì àkọ́kọ́ ni ti òní.

## Báwo la ṣe ń dá ìbora mọ̀ yàtọ̀ sí ìsopọ̀?

Ẹ bó àgbàdo tútù kan. Ẹ wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe tò, èjìká kan èjìká, débi pé abẹ́rẹ́ ò ráyè wọ àárín wọn. Gbogbo wọn ló fìdí ti ṣùkù, gbogbo wọn ló sì kọ orí síta. Bí tíṣù ìbora ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ni ọmọ àgbàdo, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n jókòó lé ni ṣùkù. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan láàárín wọn. Ohun tí wọ́n máa jẹ ń sun wá bá wọn láti ìsàlẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí èékánná fi lè ha yín lára, kí ojú ibẹ̀ funfun, kí ẹ̀jẹ̀ má sì jáde. Èékánná náà kò tíì kọjá ìbora.

Tíṣù ìsopọ̀ ní tiẹ̀ dà bíi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Ẹyin wà níbí, ẹja wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan ò fara kan èkejì, ẹ̀wà lílọ̀ ló kún àárín wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyin àti ẹja, wọn ò pọ̀. Ohun tó pọ̀ ni ohun tó yí wọn ká. Ibi tí mọ́ínmọ́ín ò ti bá a dọ́gba ni pé, nínú ọ̀pọ̀ tíṣù ìsopọ̀, sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ló po ohun tó yí wọn ká yẹn, wọ́n sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá pò ó kó le bí òkúta, egungun ni. Bí wọ́n bá pò ó kó ṣeé tẹ̀, kó sì tún nà padà, irú èyí tó wà ní etí àti imú ni. Bí wọ́n bá fi okùn líle kún un, ó di ohun tó ń so ẹran mọ́ egungun.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wo máíkírósíkópù máa ń wá nìyí: ṣé sẹ́ẹ̀lì fún mọ́ra ni, àbí wọ́n jìnnà síra?

## Ibo ni ìbora wà lára wa?

Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi, "awọ ara" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì dákẹ́. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibikíbi tí ara bá ti dojú kọ ìta, àti ibikíbi tí ihò bá wà nínú ara, ìbora ló tẹ́ ẹ. Láti ètè, ó gba inú ẹnu lọ sí ọ̀fun, ó tẹ́ agbẹ̀du, ó tẹ́ ìfun, títí dé ihò ìdí, kò já níbì kankan.

Iṣẹ́ tí ibì kan ń ṣe ló ń sọ bí ìbora ibẹ̀ ṣe máa rí. Níbi tí nǹkan ti ń ha á lójoojúmọ́, ìpele lórí ìpele ni. Ẹ wo awọ ara. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń bímọ, àwọn ọmọ ń ti àwọn àgbà sókè. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kún fún èròjà líle kan náà tó wà nínú irun àti èékánná, wọ́n ń pẹlẹbẹ, wọ́n ń kú. Ìrìn àjò yẹn ń gbà tó nǹkan bí oṣù kan. Èyí tó ń ká bọ́ lábẹ́ kànìnkànìn nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan, òkú sẹ́ẹ̀lì yín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lóko láìwọ bàtà máa ń nípọn torí pé ara ń fi kún ìpele òkú yìí láti fi dáàbò bo èyí tó wà láàyè. Inú ẹnu àti ọ̀fun náà ní ìpele púpọ̀, torí oúnjẹ ń ha wọ́n, àmọ́ ti ibẹ̀ kì í gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ tó sì tutù.

Níbi tí nǹkan ti gbọ́dọ̀ tètè kọjá, ìpele kan ṣoṣo ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ tín-tìn-tín tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbora tó tẹ́ wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Irú ìbora fẹ́lẹ́ yìí náà ló tẹ́ inú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ti ìfun ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ìpele kan náà ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ga, wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ àgbàdo gan-an, orí wọn kún fún ohun tó dà bí ìka kéékèèké tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ wọlé. Àwọn kan láàárín wọn ń ṣe omi yíyọ̀ tó ń jẹ́ kí oúnjẹ máa lọ geere. Ásíìdì, ata, kòkòrò, oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí òmíràn tó rọ́pò wọn. Ìbora ìfun tó gba àmàlà ọjọ́ Àìkú wọlé, kò ní í sí mọ́ nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn bá dé. Èyí náà ló fà á tí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ fi máa ń ní egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tó bá ń pín kíákíá ni ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyẹn ń lé, ìbora ìfun àti ti ẹnu sì wà lára ohun tó ń pín kíákíá.

Nínú ọ̀nà èémí, irun tín-tìn-tín wà lórí sẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ń jù síbì kan náà bí àgbàdo tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lóko. Wọ́n ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku sókè sí ọ̀fun, kó má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín sìgá máa ń rọ irun wọ̀nyí lápá, nígbà tó bá yá ó máa ń pa wọ́n. Ikọ́ tí ẹni tó ń mu sìgá ń wú láàárọ̀ kì í ṣe òtútù. Ìgbálẹ̀ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ikọ́ nìkan ló kù tó lè fi kó ìdọ̀tí jáde.

Àpò ìtọ̀ ní irú tiẹ̀: bí àpò bá ṣófo, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á gún régé lórí ara wọn, bí ìtọ̀ bá kún un, wọ́n á nà, wọ́n á pẹlẹbẹ, wọn ò sì ní í ya. Níbòmíràn, ìbora kan náà ló rì wọ inú ara bí kànga, ó wá di ibi tí nǹkan ti ń sun jáde. Òógùn, itọ́, omijé àti wàrà ọmú, ọmọ ìbora ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo etí ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu. Òwú ni wọ́n fi sínú ihò náà. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbora tó wà níwájú etí á máa rá wọ inú ihò, ti ẹ̀yìn náà á máa rá bọ̀, títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Bí wọ́n bá ti pàdé, egbò ti tán. Ihò yẹn ti di apá kan ìta ara, òun ni kì í fi í dí mọ́. Bí ẹ bá yọ òwú kí wọ́n tó pàdé, ìsopọ̀ tó wà lábẹ́ á dí i pa.

## Kí ló dé tí ilà ojú kì í parẹ́, tó bá jẹ́ pé oṣooṣù ni awọ ń pààrọ̀ ara rẹ̀?

Ọmọ kíláàsì mi kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ó ní bàbá bàbá òun kọ àbàjà, ilà náà sì wà bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún. Mo kí i gidigidi, torí pé ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Lábẹ́ ìbora awọ, ìsopọ̀ ló wà, ó sì nípọn jù ú lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ìdí irun wà. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni okùn líle kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn, èròjà tí ara fi ń so nǹkan mọ́ra. Abẹ olóólà kì í dúró nínú ìbora, ó ń dé inú ìsopọ̀. Ìbora lè tún ara rẹ̀ dá bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tí wọ́n gé jinlẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀; ńṣe ló ń lẹ̀ ẹ́. Nínú awọ tí kò fara gbọgbẹ́, kọ́lájìn lọ síbí ó lọ sọ́hùn-ún bí okùn apẹ̀rẹ̀. Nínú àpá, apá kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn kọrí sí, irun kì í hù níbẹ̀, òógùn kì í sì í là. Lóòótọ́ ni ìbora tuntun ń bo ojú ilà lóṣooṣù, àmọ́ bí aṣọ tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ gbágungbàgun ni, bí ilẹ̀ bá ṣe rí ni aṣọ á rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni táátù. Abẹ́rẹ́ ń gbé tàdáwà lọ sínú ìsopọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń gbé e mì, ó sì ń bá wọn gbé. Àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wà ní apá ọ̀pọ̀ nínú wa, inú ìsopọ̀ lòun náà wà.

Nígbà míì, ìsopọ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ó ń ṣe kọ́lájìn lọ, àpá náà á ga, á kọjá ààlà egbò, á máa yún. Kẹ́lọ́ìdì nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní etí, àyà àti èjìká. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló dọ̀tí, tàbí pé ẹnì kan ló ń ṣe wọ́n. Irọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi abẹ gé e dànù, torí ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn dókítà awọ ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú rẹ̀ láti mú un rọlẹ̀.

Iná tó jóni náà, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Bí iná bá jó ìbora tí kò jó ìdí irun, ìbora tó kù nínú ihò irun wọ̀nyẹn á rá jáde, á tún ojú ibẹ̀ bò. Bí iná bá jó o dé ìsàlẹ̀ ìsopọ̀, irúgbìn ò sí mọ́. Ìgbà yẹn ni dókítà máa ń bó awọ fẹ́lẹ́ lára itan, tí wọ́n á fi lẹ ibẹ̀.

## Kí ni alápatà lè kọ́ wa nípa ìsopọ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ rí tíṣù ìsopọ̀, ẹ má lọ sí láàbù. Ẹ lọ dúró ti alápatà.

Nígbà tó bá ń bó ewúrẹ́, ẹ wo ohun funfun tó ń fà bí òwú aláǹtakùn láàárín awọ àti ẹran. Ìsopọ̀ tó rọ̀ jù lọ nìyẹn. Òun ló ń jẹ́ kí awọ yọ̀ lórí ẹran láì já, òun náà ni omi máa ń kún inú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá wú.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ nípa awọ ní Zaria sọ pé àwọn fẹ́ kí òfin de jíjẹ rẹ̀, pé kò ṣe ara lóore àti pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ló yẹ kó lo awọ náà. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Tíṣù lè bá wa dá ẹjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá sun irun, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ ha ojú awọ, ìbora ni wọ́n ń ha dànù. Ohun tó kù ni ìsopọ̀, kọ́lájìn ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Púrótéènì ni kọ́lájìn, nítorí náà ẹni tó ní kò sí nǹkan kan nínú pọ̀nmọ́ kò sọ òtítọ́ tán. Àmọ́ púrótéènì tó lábùkù ni, torí ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara ò lè ṣe fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ tí wọ́n ń fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja kò ní í dàgbà bó ṣe yẹ. Èmi ń jẹ pọ̀nmọ́, pẹ̀lú ẹ̀wà. Èyí tí wọ́n fi táyà sun ni mi ò gbà kó wọ ilé mi, torí májèlé inú táyà kì í ṣeré.

Bí ẹ bá se ẹsẹ̀ màlúù pẹ́, tí ẹ gbé ọbẹ̀ náà sílẹ̀ mọ́jú, ẹ ó bá a tó ti dì gbọ̀ngbọ̀n bí ẹ̀kọ. Kọ́lájìn tí iná ti tú ló dì bẹ́ẹ̀. Iṣan funfun líle tó máa ń há sáàárín eyín, kọ́lájìn ni òun náà, apá kan náà ni gbogbo okùn rẹ̀ kọrí sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í já. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín, ẹ ó bá irú rẹ̀ tó nípọn bí ìka. Òun ló so ẹran àdọ̀ mọ́ eegun gìgísẹ̀.

Egungun rírọ̀ tí à ń pè ní bísíkíìtì bóònù náà wà lára wa: ní imú, ní etí, ní orí egungun níbi tí oríkèé ti pàdé, àti láàárín eegun ẹ̀yìn. Ẹ ká òkè etí yín wálẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ ó rí i bó ṣe padà. Kò sí i ní ìsàlẹ̀ etí, ibẹ̀ rọ̀, ibẹ̀ la sì ń lu.

Egungun fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ mi máa ń pariwo tí mo bá fi èyí hàn wọ́n. Ẹ rẹ eegun itan adìẹ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan. Fínígà á fa kálísíọ́mù jáde, kọ́lájìn nìkan ló máa kù, eegun náà á sì máa tẹ̀ bí rọ́bà. Ẹ wá sun òmíràn nínú iná títí á fi funfun. Iná ti jó kọ́lájìn, kálísíọ́mù ló kù, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló máa rún. Kọ́lájìn ni kì í jẹ́ kó kán, kálísíọ́mù ni kì í jẹ́ kó tẹ̀.

Ọ̀rá náà wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ wo bó ṣe yí kíndìnrín màlúù ká bí ìrọ̀rí. Ó ń tọ́jú agbára pamọ́, ó ń mú ara gbóná, ó sì ń gba ìkọlù. Ẹ rántí rẹ̀, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Ìsopọ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń léfòó nínú omi, ohun tó yí wọn ká ló sì ń ṣàn, kò dì. Ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní ti pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èròjà inú omi náà, nígbà tí mùdùnmúdùn inú egungun ń bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọjọ́ 10 sí 20 ló ń lò, mùdùnmúdùn kì í sì í lè bí wọn tó bí wọ́n ṣe ń kú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tó máa ń bá wọn fínra, ibẹ̀ ló ti wá.

## Kí ni ọsàn ní í ṣe pẹ̀lú àpá?

Láìsí fítámì C, ara ò lè lọ́ okùn kọ́lájìn kó dúró. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ẹ̀mí kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ń pẹ́ lórí omi láìjẹ èso, eérìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn ń mì, egbò tó ti jinná láti ọ̀pọ̀ ọdún ń ṣí padà. Lọ́dún 1747, nínú ọkọ̀ òkun Salisbury, dókítà James Lind pín aláìsàn 12 sí méjì-méjì, ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tó ń jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló tètè gbádùn jù.

Egbò àtijọ́ tó ṣí yẹn ló yẹ ká ronú lé. Àpá kì í ṣe ohun tó ti parí. Ara ń tún un so lójoojúmọ́, ọjọ́ tí okùn bá tán ni a óò mọ̀.

## Kí ló dé tí orúnkún kì í tètè sàn?

Eegun tó kán ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń so padà, bí wọ́n bá tò ó dáadáa. Egungun rírọ̀ tó wà ní oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá gbó, díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ ń sun dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àtúnṣe ò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ làkúrègbé orúnkún tó ń yọ àwọn àgbà lẹ́nu, gbígbó rẹ̀ náà ni. Dídín ìwúwo ara kù àti mímú kí ẹran itan lágbára máa ń ran orúnkún lọ́wọ́, torí wọ́n ń dín ẹrù orí rẹ̀ kù.

## Kí ni ìwé èsì láàbù ń sọ fún wa?

Nígbà tí dókítà bá gé tíṣù, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú oògùn tí kò ní í jẹ́ kó jẹrà. Wọ́n á fa omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á rì í sínú ìda gbígbóná kó lè dì, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ láró, kí ojú lè rí i. Bí èsì bá pẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Iṣẹ́ yẹn ni.

"-oma" tó ń dẹ́rù bani yẹn, kókó tàbí wíwú ló túmọ̀ sí lédè Gíríìkì. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò. "Carcinoma" ni jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìbora. Bí "adeno" bá ṣáájú rẹ̀, ibi tí nǹkan ti ń sun jáde ló ti bẹ̀rẹ̀, bí inú ọmú tàbí ìfun ńlá. Ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ àgbàlagbà ló jẹ́ irú èyí, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: ìbora ló ń pín lójoojúmọ́, òun náà sì ni èéfín, oòrùn àti kòkòrò ń kọ́kọ́ bá. Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ jẹ́ àpẹẹrẹ. Níbẹ̀ ni ìbora onípele kan ti pàdé ìbora onípele púpọ̀, ojú ìpàdé yẹn sì ni HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ibẹ̀, fẹ́ràn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn lọ gbà á.

"Sarcoma" ni jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìsopọ̀, bí egungun tàbí ọ̀rá, tàbí láti ara ẹran. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an lára àgbàlagbà. Ẹ kíyè sí i pé "lymphoma" àti "melanoma" náà jẹ́ jẹjẹrẹ, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ò tilẹ̀ jọ àwọn tó ṣáájú. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi dókítà: "Tíṣù wo ló ti wá? Ṣé ó lè ràn lọ síbòmíràn?"

Ní ti "lipoma", "lipo" ni ọ̀rá. Kókó ọ̀rá ni, ọ̀rá kan náà tó yí kíndìnrín màlúù ká, tó kó ara rẹ̀ jọ síbì kan lábẹ́ awọ. Kì í ràn.

Mo ní kí àbíkẹ́yìn náà gbé fóònù fún Màmá Ìbejì lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rá? Ọ̀rá ẹran?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tẹ orí wọn síwájú kí n lè rí ojú abẹ náà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù, kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ó ń dán, irun kankan kò sì hù lójú ẹ̀.